Ìgbàyà Ọ̀gbọ̀ Ọkùnrin Inú Kànga

Afọpáàdì ni mí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ mi sẹ́yìn nídìí ẹ̀ ní gbogbo abúlé Vathirema yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àwọn awalẹ̀ fi ń ti Áténì wá sí abúlé wa, tí wọ́n ń kó ìkòkò fífọ́ àti egungun àwọn ará àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, èmi Poliseni ni mo sì ń fọ̀ wọ́n. Abọ́ ńlá mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì kan, àga kan. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba tì pa nítorí pé kò sọ́mọdé mọ́ lábúlé ni wọ́n fún wa lò, inú kíláàsì tí mo ti kọ́ ìwé kíkà gan-an ni mo ń jókòó sí. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Poliseni fọ nǹkan bàjẹ́ rí, ẹ bi í pé ọdún wo. Bó bá ní ọdún tí wọ́n yọ ọkùnrin inú kànga ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kò parọ́ mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Argiris, nítorí ká ní kì í ṣe tirẹ̀ ni, mi ò bá tí ṣe ohun tí mo ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Sójà ni ní erékùṣù Kípírù nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1974, ẹni ogún ọdún. Wọn ò sọ fún wa pé ó kú, wọn ò sọ fún wa pé ó wà láàyè. Wọ́n ní àwọn ò rí i. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òkú bá ti pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nínú ilẹ̀, a ó hú egungun rẹ̀, àwọn obìnrin ilé á fi wáìnì fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á tò ó sínú àpótí. Bí egungun bá funfun, ara gbogbo wa á balẹ̀, a mọ̀ pé onítọ̀hún ti sinmi. Mo ti fọ ti bàbá mi. Mo ti fọ ti ìyá mi. Ti Argiris, kí ni mo fẹ́ fọ̀?

Lọ́jọ́ tí ìyá mi máa kú, ohun tó sọ kẹ́yìn rèé: "Poliseni, bí wọ́n bá rí i, wáìnì ọgbà wa ni kó o fi wẹ̀ ẹ́ o. Má fi ti ọjà." Mi ò lọ́kọ, mi ò kúrò nílé yẹn, mo jókòó ti àgbá wáìnì. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ọdún kànga yìí, àwọn tí ń wá egungun àwọn tó nù ní Kípírù pè mí, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi láti fi mọ egungun tó bá bá tèmi mu. Wọ́n ní wọ́n á padà pè mí. Gbogbo ìgbà tí tẹlifóònù bá dún ni àyà mi ń já.

Nínú oṣù keje ni wọ́n rí ọkùnrin náà. Kànga gbígbẹ kan wà lẹ́bàá ọgbà àjàrà Thrasos, olórí àwọn òṣìṣẹ́ wa. Thrasos àti èmi jọ dàgbà ni, a jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ kò sì fìgbà kan dúró rí. Wọ́n wa kànga náà títí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá egungun èèyàn kan tó dojú délẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó ti gan, pẹ̀lú ìpẹ́ idẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láyà rẹ̀. Wọn ò tú u níbẹ̀. Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó kán yí gbogbo rẹ̀ po, wọ́n fi okùn fà á sókè lódindi, ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e wọ kíláàsì mi. Inú kíláàsì yẹn ni wọ́n yí i dojú sókè, tí wọ́n ṣí símẹ́ńtì náà lórí.

"Poliseni! Poliseni o! Jáde wá kí ọkọ rẹ!" Thrasos ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ ìyá rẹ ni."

"Ó kúkú dáa. Eléyìí ò ní bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ."

"Ó sàn ju ìwọ tó ń bèèrè oúnjẹ tí kò léyín tó máa fi jẹ ẹ́ lọ. Ẹ rọra gbé e sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn, ọmọ ọlọ́mọ ni!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí símẹ́ńtì náà, mo rí eyín rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pé, ó funfun. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni.

Dókítà Efanthia ni ọ̀gá wa lọ́dún náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí ń mu kọfí tútù láàárọ̀, tí ń mu sìgá lálẹ́, tí kì í jẹun dáadáa títí mo fi máa bú u. Ọjọ́ kẹta tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré yọ ẹrẹ̀ lára ọkùnrin náà, ó ké sí mi.

"Màmá Poliseni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Ó gbé awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé mi lójú, ó fi ìka tọ́ka sí abẹ́ abíyá ọkùnrin náà, níbi tí ìpẹ́ idẹ ti parí. "Kí lẹ rí?"

"Ìdọ̀tí."

"Ẹ tún un wò."

"Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé. Ó tò léra bí ojú ìwé tí wọ́n pa dé."

Ó bú sẹ́rìn-ín, àfi bí omijé ṣe tún bọ́ lójú rẹ̀. "Aṣọ ni, Màmá. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni. Aṣọ fúnra rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́, ṣùgbọ́n idẹ tí wọ́n rán mọ́ ọn lójú ń sun omi aláwọ̀ ewé, omi yẹn wọ inú òwú kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọ́ di òkúta. Òwú ti lọ, àpẹẹrẹ rẹ̀ ló kù."

"Ẹkún wá ni?"

"Ẹ ò mọ̀ ni. Láti ayé àwọn bàbá ńlá wa ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bára wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ṣáà rí àwọn jagunjagun tó wà lára ìkòkò, tí ìgbàyà wọn funfun, tí wọ́n so ó láti èjìká wá sí àyà? Àwọn kan ní awọ màlúù ni. Àwọn kan ní rárá, ọ̀gbọ̀ ni, tí wọ́n tò léra títí ó fi le, tí ọ̀kọ̀ kò fi ní wọ̀ ọ́. Àwọn ìwé àtijọ́ dárúkọ ọ̀gbọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mú un jáde fún wa. Idẹ ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Aṣọ kì í pẹ́, awọ náà kì í pẹ́. Ìṣẹ́po mọ́kànlá ni mo kà níbí, Màmá, lára ọkùnrin tó wọ̀ ọ́ kú! Ẹ sì wo òwú rẹ̀: ìṣẹ́po kan rí tínrín, ó dọ́gba, èkejì rí kókó-kàkà. Ọwọ́ méjì ló hun ún. Ẹni tó mọṣẹ́, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ."

Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Oṣù kẹsàn-án ni iṣẹ́ rẹ̀ máa parí, àwọn tó wà lókè kò sì fẹ́ gbà á padà. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́fà kò rí nǹkan gidi. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ máa ti Áténì wá gbé ọkùnrin náà lọ sí ibi tí wọ́n ti máa ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé ọ̀gbọ̀ ni, kò sẹ́ni tó tún lè lé e. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò tilẹ̀ fẹ́ gé ẹyọ kan níbẹ̀, fọ́tò nìkan ló yà.

"Omi ò gbọdọ̀ kàn án o," ló wí. "Ẹ̀yin ni mo ń bá wí, nítorí mo mọ ọwọ́ yín."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan lábúlé wa, nínú oṣù keje, kì í ṣe àkókò tí èèyàn ń rìn. Gbogbo ilé ló ń ti fèrèsé, tí wọ́n ń sùn di aago márùn-ún. Ìyá mi a máa sọ pé bí ẹnì kan bá pè ọ́ ní ọ̀sán gangan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, má dáhùn. Èèyàn máa ń pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kì í lọ sílé, òkè tí ilé wa wà ti ga jù fún orúnkún mi. Mo máa ń sùn lórí àga mi nínú kíláàsì ni.

Òórùn ló kọ́kọ́ jí mi. Òórùn omi tí àwọn ìyá wa àgbà ń rẹ igi ọ̀gbọ̀ sí létí odò nígbà tí mo wà ní kékeré, tó ń rà díẹ̀díẹ̀, tó ń fúnni nímú. Mi ò gbọ́ òórùn yẹn láti bí àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan, kàrà, kàrà, bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí jù, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Mo la ojú, mi ò rí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú abọ́ mi ti dojú dé, omi ti dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo ní ológbò ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dojú dé. Ipa ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, tó tutù, láti ìdí tábìlì ọkùnrin náà wá sí ìdí abọ́. Mo wá ipa ẹsẹ̀ tó padà lọ, mi ò rí i. Mo fi aṣọ nù ún kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo sì pọn omi tuntun.

Ọjọ́rú ni mo rí i. Mi ò sùn lọ́jọ́ náà, mo kàn di ojú ni. Òórùn dé, kàrà kàrà dé, mo bá la ojú. Ó dúró láàárín àwọn abọ́. Kò ga. Omi ń kán lára rẹ̀. Ó wọ nǹkan funfun kan tó le gan-gan láyà, ó sì ká apá méjèèjì lé e, ọ̀tún lórí òsì, gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń ká apá òkú wa nínú pósí. Ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa, ó dàbí ojú ẹni tí a ń wò láti ẹnu kànga. Ó fi ẹsẹ̀ ti abọ́ kìíní, omi dà. Ó ti èkejì. Ó ti ẹ̀kẹta. Ó wá yíjú sí mi.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Argiris?"

Bí mo ṣe ṣẹ́jú, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo sọ fún Thrasos nírọ̀lẹ́. Mo ti múra fún ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì tutọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó ká apá lé àyà?"

"Bí òkú tí a tẹ́."

"Ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti abọ́ ìfọ̀?"

"Ojú mi ló ṣe é."

"Poliseni, kí lo tún fẹ́ kó sọ? Ṣé kó kọ lẹ́tà sí ẹ ni? Ta ló fọ egungun ẹ̀ rí? Ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ó lé nínú kànga, ó dojú délẹ̀ bí ẹran, kò síyàá, kò sí àbúrò tó bu wáìnì sí i lára. Ó ń fi abọ́ hàn ẹ́ pé ó ṣófo, kó o fọ òun. Lọ́túùnla wọ́n á gbé e lọ Áténì, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i lára." Ó wò yíká. "Má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o."

Mi ò lè sùn. Mo ń ro ọ̀rọ̀ Efanthia, mo sì ń ro ti ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n kí n má tan yín, ti Argiris ni mo ń rò jù. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá fọ ọmọ ọlọ́mọ níbí, obìnrin kan ní Kípírù tí mi ò mọ̀ á fọ tèmi. Ọlọ́run á rí i, á sì san án. Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní ṣe é? Mo sì mọ iṣẹ́ mi. Idẹ àti aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn ni Efanthia ń bẹ̀rù fún. Èmi kò ní fọwọ́ kan idẹ. Màá fọ egungun nìkan.

Ọjọ́bọ̀, mo gbé wáìnì wá láti inú àgbá wa, ìgò méjì. Nígbà tí gbogbo abúlé ti sùn, mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo gbogbo ìpẹ́ idẹ náà, mo dì í nídìí, mo sì tan àbẹ́là kan. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí. Mo fi wáìnì nu iwájú orí rẹ̀, agbárí rẹ̀, eyín rẹ̀ dáradára yẹn. Mo kọ orin arò tí a ń kọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fọ apá. Òórùn ọ̀gbọ̀ dé. Mi ò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé ìhà rẹ̀, mo bá ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ eegun ìhà níhà inú, ó nípọn, ó wọ abẹ́ ibi tí ọ̀rá ti bo idẹ. Ara idẹ nìkan ni mo rò pé aṣọ Efanthia wà, mo ní ẹrẹ̀ kànga lèyí. Mo bu wáìnì sí i. Ó hó ṣìì, bí ìgbà tí a bu ọtí kíkan sórí ìkòkò bàbà tó dípẹtà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rà á, ó ń bọ́ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sínú abọ́. Kàrà, kàrà, kàrà, ìró yẹn ń yára lẹ́yìn mi. Abọ́ kan dojú dé. Mo kàn gbé òmíràn sípò rẹ̀. Ọwọ́ kan bá gbá mi mú lọ́rùn ọwọ́, ọwọ́ tó tutù, tó rin gbingbin, ó dì mí mú ṣinṣin. Inú mi yọ́. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ ni.

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi," ni mo wí. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Mo bu wáìnì tó kù síbẹ̀, ó ṣàn wọ abẹ́ ọ̀rá. Ìró yẹn rọ̀, ó rọ̀, ó dákẹ́. Ọwọ́ náà fi mí sílẹ̀. Eegun ìhà rẹ̀ jáde, ó funfun bí ìyẹ̀fun, mo sì sunkún ayọ̀. Mo ní, ó ti sinmi, ìyá rẹ̀ á gbọ́ níbikíbi tó bá wà. Mo gbé omi abọ́ náà, wáìnì àti ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé, mo lọ dà á sídìí igi eléso kan, igi málíbẹ́rì, tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Aago márùn-ún ni Efanthia dé pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Ó rí ọ̀rá. Ó rí funfun egungun. Òórùn wáìnì gba gbogbo kíláàsì kan. Kò pariwo. Ó gbé kọfí sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó mú awò rẹ̀, ó wo abẹ́ abíyá, ó wo ìhà, ó tún wò ó.

"Ibo lẹ da omi rẹ̀ sí?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Dókítà, mi ò fọwọ́ kan idẹ, mo fi ọ̀rá bò ó. Ẹrẹ̀ lásán ni mo fọ̀."

"Kì í ṣe ẹrẹ̀." Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọdé. "Aṣọ náà ni. Láti abẹ́ idẹ títí dé egungun, aṣọ ni gbogbo rẹ̀. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá."

A jọ sáré lọ sídìí igi. Ilẹ̀ ti mu ún. A fi ọwọ́ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tú ilẹ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀, ẹrẹ̀ pupa la rí. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo lè bí i. Mo sọ ti òkú náà fún un, ti apá rẹ̀ tó ká, ti abọ́. Ó gbọ́ mi tán, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Màmá, ṣé omi wà nínú àwọn abọ́ náà kó tó tì wọ́n, àbí wọ́n ṣófo?"

"Omi wà níbẹ̀."

"Kí ló wá ṣe sí omi náà?"

Ó da omi nù. Lójoojúmọ́ ni ọmọ yẹn ń da omi mi nù kí n má baà fọ̀ ọ́. Apá tó ká lé àyà, kì í ṣe apá òkú. Ó ń dáàbò bo aṣọ rẹ̀ ni. Ọwọ́ tó gbá mi mú, ó ń bẹ̀ mí ni.

Ọkọ̀ Áténì gbé egungun mímọ́ tónítóní lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Fọ́tò tí Efanthia yà, wọ́n ní fọ́tò lásán ni, pé ó lè jẹ́ aṣọ ìsìnkú, pé ta ló bá a kà á. Kò dárúkọ mi. Ó ní òun ni òun gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì wá kí mi kó tó lọ. Mo fún un ní ólífì àti wàràkàṣì, ó gbà á. Bí ó bá gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Nínú oṣù kọkànlá ni tẹlifóònù dún. Wọ́n ti rí Argiris.

Mo wọ ọkọ̀ òfúrufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo lọ sí Kípírù. Wọn ò jẹ́ kí n gbé wáìnì wọ inú ọkọ̀, àfi kí n fi í sínú àpótí tó wà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun mú mi wọ yàrá kan, ẹ̀gbọ́n mi wà lórí tábìlì, wọ́n ti tò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ̀ pé èèyàn ni mí. Mo fọwọ́ kàn án níwájú orí, mo sunkún títí ọmọ yẹn fi bá mi sunkún.

Ìgbà tí ojú mi mọ́ díẹ̀ ni mo rí i lára eegun ìhà rẹ̀ lápá òsì. Píìnì idẹ kékeré kan, irú èyí tí a fi ń so aṣọ ọmọ ọwọ́. Ó ti di aláwọ̀ ewé, ó sì ti lẹ̀ mọ́ egungun. Lábẹ́ rẹ̀, aṣọ kan wà tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Gbogbo aṣọ sójà rẹ̀ ti jẹrà, ibi tí idẹ yẹn fọwọ́ kàn nìkan ló kù. Mo tẹ̀ síwájú. Ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an rí wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

Èmi ni mo rán an. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá mi gé aṣọ pélébé kan, ó ní kí n rán ìṣọ́ra, àpò kékeré bí oǹdè, tí Argiris máa fi píìnì so mọ́ singílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láyà, a sì fi ìda àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ìyá mi ní ìránṣọ mi dàbí ẹsẹ̀ adìẹ, Argiris ní kó fi í sílẹ̀, pé ẹsẹ̀ adìẹ dùn mọ́ òun. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ẹ gbọ́ mi, gbogbo ọdún yẹn tí mo fi ń ṣọ́ wáìnì, mi ò rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun kò gbàgbé. Ó so ó mọ́ àyà títí ó fi kú.

"Màmá," ọmọbìnrin náà wí, "mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ yọ ìdọ̀tí yìí kúrò fún yín? Omi díẹ̀ báyìí, á bọ́."

"Má fọwọ́ kàn án!" Igbe tí mo ké mú kí àwọn tó wà lọ́nà sáré wọlé. "Ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fọ̀ ọ́. Fi í sílẹ̀ fún un."

Nílé, àwa obìnrin abúlé fi wáìnì ọgbà wa fọ Argiris, gbogbo rẹ̀, bí ìyá mi ṣe wí. Eegun ìhà kan ṣoṣo ni mi ò jẹ́ kó tutù. Àwọn obìnrin kùn. Wọ́n ní ṣé kí ó lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí lára ni. Mo ní ẹni tó bá dán an wò, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ló máa wọ àpótí yẹn. Mo fi aṣọ gbígbẹ dì í, mo sì tẹ́ ẹ sórí gbogbo ìyókù. Tèmi ti sinmi.

Ọmọ inú kànga kò sinmi. Egungun rẹ̀ wà ní Áténì, ó ti ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò lọ síbẹ̀. Bí ọ̀sán bá ti gangan, tí gbogbo ilé ti fèrèsé, mo ń rí i lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, nídìí igi málíbẹ́rì, níbi tí mo da omi yẹn sí. Kò ká apá mọ́. Ìhòòhò ni àyà rẹ̀, òtútù sì ń mú un nínú oòrùn yẹn. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu ilẹ̀ tó mu aṣọ rẹ̀, á gbé e lé àyà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, á dà sílẹ̀, á tún bu òmíràn.

Mo máa ń gbé àga mi lọ síbẹ̀. Mo ń sọ fún un pé, "Dákun, ọmọ mi, mi ò mọ̀." Kì í wò mí. Ó ń bu ilẹ̀.